Kékeré Kọ́ Ni Owó Aṣọ Ọmọlángidi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Télọ̀ ni mí ní Ìbàdàn. Mo ti rán aṣọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo ti rán fún aboyún, mo ti rán fún ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló sanwó, bí wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ ráhùn. Ẹni tó wá fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ báyìí kò gùn tó rúlà ọmọ iléèwé. Kì í jẹ, kì í mu, kò sì lè lanu sọ pé ọrùn aṣọ ń fún òun. Ọmọlángidi ni.

Màmá kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló kó wọn dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló ń fi Barbie ránṣẹ́ sí i, ó sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, níbi tí ọmọ-ọmọ kankan kò gbọdọ̀ nawọ́ dé. Wuraola náà wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá inú àwọn Queens of Africa tí Taofick Okoya dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2007, òun pẹ̀lú Nneka ọmọ Ígbò àti Azeezah ọmọ Hausa. Ìyẹn wù mí. Ohun tí kò wù mí ni pé ìgbéyàwó kan ń bọ̀ nínú ẹbí, Màmá sì ní gbogbo ará kọ́bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ẹbí.

"Bọ̀dá Télọ̀, ṣebí àjákù aṣọ náà ni? Ẹ kàn bá mi fọwọ́ bà á."

Fọwọ́ bà á! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú fífọwọ́ bà á fún yín. Wọ́n dín Barbie kù sí ìdá kan nínú mẹ́fà ara èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn dín aṣọ òkè Ìsẹ́yìn kù. Ẹ ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún èèyàn, á jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọlángidi, apá rẹ̀ méjèèjì á dúró gbagidi lókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà. Ti ańkárá tún burú: òdòdó kan ṣoṣo gba àyà, ó gba ẹ̀yìn, ewé tó ṣẹ́kù di ìró. Àdìrẹ ní tirẹ̀, bí aró bá ràn mọ́ ara ọmọlángidi, ọṣẹ kì í ṣí i, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ fi aṣọ funfun tẹ́ inú rẹ̀, kí ó tún wá nípọn sí i. N kò rí sípù tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rà ní Gbági, húùkù ni mò ń fọwọ́ gán.

Ẹ̀rọ gan-an kórìíra iṣẹ́ yìí. Bí mo bá gbé apá bùbá sábẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ á fà á wọnú, á gbé e mì. Àfi kí n tẹ́ bébà sábẹ́ aṣọ, kí n rán méjèèjì pọ̀, kí n wá jókòó máa fa bébà já wẹ́wẹ́ kúrò lójú rírán. Bí mo bá tún ń wọ̀ ọ́ fún un, àtàǹpàkò rẹ̀ tó yà sọ́tọ̀ á máa kọ́ òwú. Ọ̀rá ni mo máa ń fi wé ọwọ́ rẹ̀ kí n tó kì í bọ apá aṣọ.

Ti irun ló wá pa mí. Ọmọ-ọmọ Màmá bá kọ́bọ́ọ̀dù ní ṣíṣí lọ́jọ́ kan, ó rí àlùmọ́gàjí, ó sì ṣe orí Barbie kan yánmayànma. Màmá ní kí n bá òun ṣe wíìgì. Mo ní, "Màmá, télọ̀ ni mí, èmi kọ́ ni onídìrí." Ó ní, "Ṣebí abẹ́rẹ́ kan náà ni."

Mo fá èyí tó kù mọ́lẹ̀, torí wíìgì tí a bá gbé lé irun á sọ orí di ràbàtà. Mo fi ọ̀rá wé orí náà, mo fi rọ́bà dì í lọ́rùn, mo na àjákù ìbọ̀sẹ̀ obìnrin lé e, mo fi gọ́ọ̀mù pa á, mo gbé e kalẹ̀ kó gbẹ. Wúùlù tí wọ́n fi ń dirun ni mo tú, tí mo ń yà títí tó fi rọ̀. Láti ìpàkọ́ la ti ń lẹ̀ ẹ́, ìlà lórí ìlà, yí orí ká, títí dé àtàrí. Bí wọ́n bá ní kó ká, màá wé e mọ́ igi tín-ín-rín, màá rì í sómi gbígbóná, nítorí bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, yíyọ́ ló máa yọ́.

Àsìkò tí orí pípá yẹn ń gbẹ lórí tábìlì, tí ọ̀rá wà lórí, tí rọ́bà wà lọ́rùn, tí irun kún ilẹ̀, ni aládùúgbò mi yọjú pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó wo ojú mi. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó ti bá ibẹ̀ lọ. Télọ̀ òdìkejì títì ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù náà báyìí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Màmá dé, ó gbé bùbá sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní: "Kékeré yìí náà lẹ pe iye yìí?"

Màmá, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn tó ni Barbie gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ruth Handler gbé e jáde ní New York ní 1959, dọ́là 3 ni wọ́n ń tà á. Aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni oníbàárà ti ń padà wá sanwó. Charlotte Johnson ló ya bátànì àwọn aṣọ àkọ́kọ́ náà, àwọn obìnrin Japan ló sì ń fọwọ́ rán wọn nínú ilé wọn. Ẹ lọ pe iṣẹ́ tiwọn ní fífọwọ́ bà, kí ẹ gbọ́ èsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ gbọ́ o: ìró àti bùbá ọmọlángidi, iye kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tó gbé e wá. Gèlè lọ́tọ̀, wíìgì lọ́tọ̀, ìdajì owó ṣáájú. Ẹni tó bá sì mọ aládùúgbò mi yẹn, kó bá mi sọ fún un pé télọ̀ ni mí, kó máa kó yúnífọ́ọ̀mù bọ̀.