Ẹ Tàpá, Sà!

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàrin ara wa: ta ni kò mọ tàpá nínú wa? Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ la ti ń tàpá sí òfin. Iná pupa ní ká dúró ní oríta, a tàpá sí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ̀ síbẹ̀, a tàpá sí i, a tún bomi rin ín. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ní wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà náà ní taekwondo láràárọ̀ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, ẹ̀rín ni mo rín. Ọdún 47 ni mo ti lò láyé. Kí ló kù tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ mi nínú tàpá?

Mo bá lọ. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa gbé páàdì kan tí kò ju abẹ̀bẹ̀ lọ sókè, ó ní, "Ẹ tàpá sí i, sà." Mo tàpá. Páàdì ò mira. Ẹsẹ̀ mi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó jẹ páàdì lówó, èmi tí mo ni ẹsẹ̀ sì bá ara mi lórí fóòmù, mò ń wo àjà ilé. Òfin tóbi ju páàdì lọ, òun ló jẹ́ kó rọrùn.

Ẹ̀bi fíìmù Ṣáínà ni. Bruce Lee kú ní oṣù keje ọdún 1973, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Enter the Dragon jáde, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1985, kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò wa tó gbà pé ọkùnrin náà ti kú. Ojú fèrèsé ilé ẹni tó ní fídíò la máa ń rọ̀ mọ́ wò ó. Tí wọ́n bá lé wa, a ó kó ara wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó di "Hùúù! Yáà!" títí ìyá ẹnì kan yóò fi yọ omorógùn. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kan ẹnikẹ́ni. Ariwo la kọ́ níbẹ̀, a sì kọ́ ọ yanjú. Àwọn baba wa tó ń ja ìjàkadì gbọ́n jù wá lọ: àwọn mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ níwájú alátakò ti fi ara rẹ̀ tọrẹ.

Àwọn ará Kòríà ló ni taekwondo. Tae ni ti ẹsẹ̀, kwon ni ti ẹ̀ṣẹ́, do ni ọ̀nà. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣáájú. Nínú ìdíje, ẹ̀ṣẹ́ tó bá ba àyà, máàkì 1 ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ba àyà gba 2, ẹni tó bá fẹsẹ̀ ba orí gba 3. Ẹsẹ̀ tèmi, itan ló mọ̀. Tí ẹ bá sì ta ènìyàn nípàá nísàlẹ̀ ìgbànú, kì í ṣe pé wọn ò ní fún yín ní máàkì nìkan, ìyà tún wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ìrètí kan. Ọmọ ilẹ̀ wa, Chika Chukwumerije, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008, ní ìpele àwọn tó wúwo ju kìlógíráàmù 80 lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Kìlógíráàmù 94 ni mo wọ̀n. Mo ti yege nínú ti ìwúwo, tàpá nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá tú àṣírí àwọn tí a jọ wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní dobok wọ Alága tán, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bo jẹnẹrétọ̀. Bẹ́líìtì yẹ kó yí ènìyàn po lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n ta á ní kókó, kí etí rẹ̀ méjèèjì sì wálẹ̀ dọ́gba. Ti Alága yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó rò ó, ó dúró. Wọ́n ní kí wọ́n bá a ra èyí tó gùn jù, ó ní rárá, bẹ́líìtì yìí ló fún, ara òun ò sanra. Ẹ sì má jẹ́ kí fọ́tò tó fi sórí WhatsApp tàn yín jẹ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ga dé etí yẹn. Èmi ni mo di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n gé ọwọ́ mi kúrò nínú fọ́tò.

Ìkejì ni Díákónì. Tí wọ́n bá fẹ́ ká dúró ṣánṣán, èdè Kòríà ni olùkọ́ máa ń fi pàṣẹ: "Charyot!" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Díákónì wojú ọ̀run. Ó ní ṣáríọ́ọ̀tì ni òun gbọ́, kẹ̀kẹ́ iná tó gbé Èlíjà lọ, òun ò sì tíì ṣe tán. Ìkẹta ni Ìyá Ìbejì tó ń ta òkìríkà. Tí a bá ń ka ìtàpá, hana, dul, set, net, ohùn ọjà ni Ìyá Ìbejì fi máa ń kà á, bí ẹni ń ka ṣẹ́ẹ̀tì lé oníbàárà lọ́wọ́; tó bá dé daseot, ó máa ń dúró bóyá ẹnì kan á ná an. Ẹ má rẹ́rìn-ín Ìyá Ìbejì ṣá, ẹ ó rí i níwájú.

Olùkọ́ wa alára, ẹ bá mi káàánú rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 30, ọmọlúàbí sì ni, ìyẹn ló ń dà á láàmú. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ẹni tó lè jágbe mọ́ ènìyàn, àwọn òbí rẹ̀ sì ti kọ́ ọ pé a kì í jágbe mọ́ àgbà. Ó wá ń jágbe tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Orúnkún yín dà, sà! Ẹ gbé e sókè! Ẹ forí jì mí, sà! Ẹ tún un ṣe!" Lọ́jọ́ tí Alága ṣubú lu òun àti páàdì rẹ̀ pọ̀, abẹ́ Alága ló wà tó fi ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Kò dùn yín jù?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Nínú taekwondo, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún tí wọ́n bí ọ. Àwọ̀ bẹ́líìtì ni ọjọ́ orí. Funfun ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni yẹ́lò, gíríìnì, búlúù, pupa, títí dé dúdú. Bí wọ́n ṣe jùra wọn lọ náà ni wọ́n ń tò: ẹni tí bẹ́líìtì rẹ̀ ga á bọ́ síwájú, funfun á wà lẹ́yìn. Ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tó ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ iwájú ṣì wà lẹ́nu. Gíríìnì ló so mọ́dìí. Ó dúró níwájú, àwa àgbààgbà tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ìyàwó tó tẹ̀ lé ìyálé. Nígbà tí wọ́n wá pín wa ní méjì méjì, ó bọ́ sí ti Alága. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ẹ tó fọwọ́ kan ara yín, ẹ ó kọ́kọ́ tẹríba fún ara yín. Alága wo ọmọ náà. Ọmọ náà wo Alága.

"Èmi?" Alága bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi tí mo jẹ ìrẹsì ìkómọ rẹ̀?"

Mo ní kó tẹríba jàre, ìrẹsì ti dà. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wo bóyá owó òun bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó gbé orúnkún, fìíì! Ẹsẹ̀ dé iwájú imú Alága, ó dúró níbẹ̀, ó padà sílé, ó bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kan Alága. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó pa òwe yẹn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ò tíì délẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí tó pẹpẹ, ó tó orí kọ́bọ́ọ̀dù. Tèmi ò ga ju àpótí ìjókòó lọ.

Ọmọ náà ló wá là mí lójú. Àwa rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tàpá. Irọ́ ni, orúnkún ni. Ìtàpá iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní ap chagi, tó rọrùn jù nínú gbogbo wọn, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: ẹ gbé orúnkún sókè níwájú yín, ẹ na ẹsẹ̀ jáde, ẹ ká a padà, ẹ wá gbé e sílẹ̀. Tiwa pín sí méjì: ẹ jù ú, ẹ ṣubú. Ibi tí orúnkún bá ga dé ni ẹsẹ̀ máa ń lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ dúró sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ló máa tàpá sí, ì báà kígbe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí kò bá sì ká a padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún bí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ owó, ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà á kàn gbá a mú ni. Ohun tí wọ́n sì fi ń gbá páàdì ni ibi tó yọ bí ìrọ̀rí kékeré lábẹ́ àwọn ìka ẹsẹ̀. Ẹ ó fa ìka sẹ́yìn kó lè yọjú. Èmi ò fà á. Àtàǹpàkò ni mo fi kí páàdì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wú, ó dán, ó pupa bí àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù.

Ìtàpá ayípo, dollyo chagi, ni wọ́n fi dán wa wò. Ẹsẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ yí wá bí ẹni fi àdá gé koríko. Àṣírí rẹ̀ kò sí lára ẹsẹ̀ tó ń fò, ẹsẹ̀ tí ẹ dúró lé ló wà. Òun ló gbọ́dọ̀ yí lórí ìka, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ohun tí ẹ fẹ́ gbá. Tí kò bá yí, ìbàdí yóò yí, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ fóòmù, orúnkún tó wà láàrin wọn á sì jẹ gbèsè àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alága gan-an nìyẹn. Àyà rẹ̀ ti kọjú sí Ìwó Road, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wo Mọ́kọ́lá. A gbọ́ "kàù!" Gbogbo wa dákẹ́. Olùkọ́ ti sáré dé, "Ẹ má mira, sà!" Àṣé ṣòkòtò ló ya.

Olùkọ́ wá ronú, ó ní, "Ẹ ṣe é bí ẹni ń fi iwájú ẹsẹ̀ pa àáyán." Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Kí lẹ ò ti wí látàárọ̀?" Obìnrin tó ti lo ogún ọdún láàrin ìdì òkìríkà, mélòó ni àáyán tí kò tíì pa? Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ìbàdí tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ láti abẹ́ ìró tó wé lé ṣòkòtò, gbàà! Páàdì fò kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ó lọ bá Díákónì níbi tó jókòó sí. Díákónì ní Jésù. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ná ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú wa.

N kò ní pẹ́ lórí yop chagi, ìtàpá tí ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ ń ṣe, bí ìgbà tí ọwọ́ yín méjèèjì di ẹrù tí ẹ sì fẹ́ fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò. A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A di ògiri mú. Ògiri gbìyànjú.

Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ iye iṣan tó wà lẹ́yìn itan ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló kí mi ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ wọ Micra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ kan wọlé, èkejì ní òun ò lọ. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ara yín wọlé, èrò ń dúró." Mo fọwọ́ méjèèjì gbé itan mi bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, mo tẹ́ ẹ sórí àga. Ìyàwó mi wojú mi, kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Olówó orí mi, ta lẹ fẹ́ lọ bá jà gan-an? Ẹ sọ fún mi, kí n lọ bá yín bẹ̀ ẹ́."

Mo padà lọ ní Sátidé kejì. Wọ́n ní kí n máa rọra tàpá kó mọ sí orúnkún, kí n di ẹ̀yìn àga mú, kí n jẹ́ kí ara gbóná kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sàn díẹ̀. Páàdì ti ń mọ̀ mí. Nígbà tí a parí, mo tẹríba fún ọ̀gá mi kékeré, ó dá mi lóhùn bí ọba.

A dé ẹnu géètì. Ọmọ náà ti ká aṣọ funfun rẹ̀ sínú báàgì, bẹ́líìtì gíríìnì ò sí mọ́, sálúbàtà ló wọ̀. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, àyà kan ilẹ̀. Orí mi wú. Ayé ti padà sípò. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní wàá dàgbà, wàá gbó, wàá tọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó wo ẹsẹ̀ mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fa ìka ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn lónìí náà. Èmi àti ọmọ yín la jọ wà ní kíláàsì kan náà níléèwé, ó bi mí bí ẹ ṣe ń ṣe sí."

Mo tọwọ́ bọ àpò. Igba náírà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó gbọnrí. A jọ parí ẹ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.