Adìyẹ Inú Gíláàsì

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí di gbogbo ẹ̀bi ru ìyẹ́. Lójú tiwọn, bí a bá lè ká ìyẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó rí òógùn, àánú adìyẹ a sì ṣe wá. Wọn ò mọ̀ pé ìran kan ń bọ̀ tí yóò tu gbogbo ìyẹ́ dànù, tí yóò gbé adìyẹ sínú àpótí onígíláàsì, tí yóò tan iná pupa, iná búlúù àti iná aláwọ̀ ewé yí i ká, tí yóò tún gbé òǹkà sí i lórí tí ń ka òógùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, síbẹ̀ tí kò ní í mọ̀ pé ó ń làágùn.

Adìyẹ tí mo ń wí ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta géèmù fi ń ṣe yangàn. Ìran tí mo sì ń wí ni àwọn tí kò gbà pé eré tí ilé iṣẹ́ bù fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó. Wọ́n á wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà, lóru, wọ́n á gbé òǹkà sókè, wọ́n á gbé fóltéèjì tẹ̀lé e, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á sì máa retí kí ayé yí padà. Overclock ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, igbe méjì ló máa ń ti ẹnu wọn jáde: ó ń gbóná jù, àti pé ẹnì kan ń yí sẹ́tíǹgì àwọn padà.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, àṣà náà ní ìpìlẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ní 1998, Intel gbé ọpọlọ olówó pọ́ọ́kú kan jáde, Celeron 300A. 300 MHz ni wọ́n kọ sí i. Àwọn ọlọ́gbọ́n rí i pé bí a bá sún ọ̀nà tó fi ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ láti 66 MHz sí 100, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á sáré dé 450 láìjanpata. Eré di ìlọ́po kan àbọ̀, kọ́bọ̀ kan ò kún owó rẹ̀. Tálákà ra ọjà tálákà, ó ń jẹ̀gbádùn olówó. Ta ni kò ní í ṣe é?

Ilé iṣẹ́ kò sùn ṣá o. Láti 2008 ni Intel ti fi Turbo Boost sínú Core i7, tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ fi ń gbé eré sókè nígbàkígbà tí àyè bá wà. Nígbà tó fi máa di 2024, i9-14900KS ń ti inú páálí jáde pẹ̀lú 6.2 GHz. Ohun tí ọlọ́gbọ́n 1998 ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ ti kó o, ó ti kọ ọ́ sára páálí, ó ti tà á fún wa. Ìdá bíńtín nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù, òun ni ọmọ wa fẹ́ kú lé lórí.

Kò sì sí ibi tí ìdá bíńtín ti wọ́n tó ibẹ̀. Iná tí ọpọlọ ń jẹ ń bá eré rẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n fóltéèjì ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ inú ìṣirò. Fi ìdá 10 nínú 100 kún eré, kí o sì fi ìdá 10 kún fóltéèjì kí kọ̀ǹpútà má bàa dákú, iná tó ń jẹ á fi ìdá 33 lé. 10 lo rà, 33 lo san, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru. Intel fi 253 wáàtì ṣe òpin fún i9-14900K. Ẹni tó bá ṣí òpin náà sílẹ̀ á rí i kó kọjá 300. Ẹ wá gbé ìyẹn sí yàrá kan ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta, níbi tí ara ti ń ta èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù kò lè mú ọpọlọ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé, èyí tí kò lè gbé tó 1,000 wáàtì, ń hu bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, Màmá sì ti ní kí wọ́n pa fíríìjì ná kí géèmù má bàa kú.

Adìyẹ ò dákẹ́ o. Ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 ti AMD fi 95°C ṣe òpin ara wọn, ọ̀pọ̀ Core ti Intel fi 100 ṣe tiwọn. Bó bá ti dé ibẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara rẹ̀ kù láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹn kò bá tó, á pa ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ 5.7 GHz sínú BIOS fi ń rí 5.7 nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, tó jẹ́ pé bí géèmù bá ti gbóná, 4 àti ìgbín ló ń bá pàdé. Ohun tó fi ń ṣe fọ́ńté kò sí níbẹ̀ nígbà tó nílò rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mọ́kọ́lá pè mí lọ́jọ́ kan. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ olè tó wà nínú ilé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó. Ẹnì kan ń wọ inú kọ̀ǹpútà mi."

"Ta ni?"

"N ò mọ̀, sà. Mo máa fi sí 5.7 lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ á ti padà sí ti ilé iṣẹ́. Mo ti yí password. Mo ti fi antivirus méjì sí i."

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá rẹ̀ ti mú òróró àdúrà dání. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ta á sí ara ògiri, kó má ta á sínú fáànù. Àpótí náà wà lábẹ́ tábìlì, gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ bí ilé ìgbéyàwó. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án tí mo fi rí olè náà: aago tó wà nígun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ní 2022 la ṣì wà. Mo bi í bóyá ó ti kíyè sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ojúewé báǹkì òun pàápàá kò ṣí mọ́, pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kóun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Nínú mọ́dábọ́ọ̀dù, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà tí kò tó kọ́bọ̀ àtijọ́, CR2032, fóltì 3. Òun ló ń gbọ́ bùkátà aago àti ìrántí sẹ́tíǹgì nígbà tí iná ògiri kò bá sí. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ó lè lo ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tó rántí rẹ̀. Níbi tí ìyá ilé ti ń yọ púlọ́ọ̀gì gbogbo lálaalẹ́ nítorí àrá, tí iná ọba sì ń ṣe bó ṣe wù ú ní ọ̀sán, bátìrì yẹn nìkan ló ń dá ẹrù gbé tọ̀sán-tòru. Bó bá kú, aago á padà sí ọjọ́ àtijọ́, ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù á sì gbàgbé gbogbo ohun tí ọmọ kọ sí wọn létí. Báǹkì kò sì gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń ti 2022 bọ̀: ìwé ẹ̀rí ààbò ojúewé náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà yìí, ọjọ́ náà kò tíì pé.

A pààrọ̀ bátìrì. Ìdajì ẹjọ́ náà tán. Ìdajì tó kù dùn jù.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá gbìyànjú láti jí lẹ́ẹ̀mélòó kan tí kò jí, kì í bínú. Ó máa rò pé eré tí wọ́n kì bọ òun lọ́rùn ló pọ̀ jù, á bọ́ ọ sílẹ̀, á padà sí sẹ́tíǹgì ilé iṣẹ́, á sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé overclock kò ṣeé ṣe, ẹ tẹ F1 kí ẹ wá tún un ṣe. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ funfun yẹn? Ojoojúmọ́ ni, sà. Mo kàn máa ń tẹ F1." Olè tó ń wá kiri, ó ń kọ lẹ́tà sí i láràárọ̀, ó sì ń buwọ́ lù ú.

Ẹ sì wo ohun tó ń mú kó má jí. Nígbà mìíràn, iná ọba á mú, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, iná á tún lọ kó tó tàn tán. Mọ́dábọ́ọ̀dù kò mọ àwọn tó ń pín iná. Ẹ̀bi eré ló ń kà á sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrántí DDR5 á fẹ́ kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá yí nǹkan padà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ tó ń wá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá nínú géèmù, ẹ ní kó jókòó wo òkùnkùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta? Á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Mọ́dábọ́ọ̀dù á ka ìyẹn náà mọ́ àìlèjí, á sì tún bọ́ ẹrù náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, nítorí ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù mọ̀ pé òǹkà ló ń tajà. Ṣáájú 2024, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ká òpin iná tí Intel fi lélẹ̀ kúrò láti ilé iṣẹ́ wá, tí ẹni tí kò fọwọ́ kan BIOS rí á fi máa lo èyí tí wọ́n ti bá a tì kọjá ààlà. Ní 2024, ariwo àwọn tó ra ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá Core gba ìgboro pé kọ̀ǹpútà ń dákú. Intel kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá òpin padà sí ààyè rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ó jẹ́wọ́ pé microcode, ìlànà inú ọpọlọ tòun alára, ń bèèrè fóltéèjì tó ju bó ṣe yẹ lọ. Àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ, wọ́n fi ọdún méjì kún wáráńtì, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó ti bàjẹ́ kò gbọ́ àtúnṣe. Lọ́dún tó ṣáájú, Ryzen 7000X3D mélòó kan ti jóná mọ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí AMD fi 1.3 fóltì ṣe òpin fún apá kan ọpọlọ náà. Inú BIOS tuntun sì ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé, BIOS tuntun sì sábà máa ń nu gbogbo sẹ́tíǹgì ọwọ́ ẹni nù. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe tún figbe ta nìyẹn: ta ló yí sẹ́tíǹgì mi padà?

Ká padà sí Mọ́kọ́lá: ó ku ooru. A fa àpótí náà jáde. Fáànù iwájú dojú kọ gíláàsì, kò rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú kọ́tìnnì. Eruku ọyẹ́ ti di òwú sáàárín irin tó yẹ kó máa tú ooru dànù. Mo tú irin náà kúrò lórí ọpọlọ, nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, níbi tó ti yẹ kí irin fara kan ọpọlọ, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó lò ó. Ẹni tó bá wọn to kọ̀ǹpútà náà gbowó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Iná aláwọ̀ mẹ́ta tó tò sí i kò sì ṣìṣe rárá, gbogbo rẹ̀ ń tàn.

A yọ ọ̀rá, a nu páàsìtì àtijọ́ tó wà láàárín ọpọlọ àti irin, a fi tuntun sí i, a gbé àpótí sórí tábìlì. Mo dín fóltéèjì kù díẹ̀, mo fi eré sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sí. Ooru wálẹ̀, géèmù kò dẹwọ́. Ojú ọmọ náà fà ro bí ẹni tí wọ́n bọ́ oyè lórí rẹ̀. Ó ní àwọn kan ti dé 9.1 GHz. Òótọ́ ni, ní 2024, pẹ̀lú helium olómi tó tutù tó -269°C, wọ́n sì gbé e dúró títí òǹkà fi wọlé. Kò sẹ́ni tó ta géèmù lórí rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n wo òǹkà géèmù rẹ̀. Ó fi hàn mí tayọ̀tayọ̀: àwòrán 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ sí i létí: 60 Hz. Àwòrán 60 ni ojú yìí lè fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyókù tó ń fi iná, fíríìjì Màmá àti oorun òru wá, kò dé ojú rẹ̀ rí.

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí tó jẹ́ 240 Hz, èló ló máa tó ní Computer Village?"