Ilẹ̀kùn Tó Ń Ṣí Òrùlé

Ẹni tó bá ra ilé àtijọ́ létí òkun ní Florida, iyọ̀ ló bá gbé ibẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í san owó ilé, síbẹ̀ jíjẹ ni tirẹ̀: yóò jẹ sípíríǹgì ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀, yóò jẹ táyà kékeré tó ń yí lójú irin, títí ilẹ̀kùn yóò fi máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń lé.

Ariwo ò pànìyàn, ọ̀dọ̀ ìjì ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ìjì líle Andrew jà ní Florida ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ wọnú nínú ọ̀pọ̀ ilé. Atẹ́gùn wọlé, ó ti òrùlé láti abẹ́, òrùlé bá gbéra. Ni ìjọba bá mú òfin le. Ní agbègbè Miami-Dade ní Florida lónìí, ilẹ̀kùn gan-an gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun lè kojú ìjì, onílé náà yóò sì gba ìwé àṣẹ kó tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá yọ ògbólógbòó ilẹ̀kùn tán ni wọn yóò rí i pé férémù onígi ti jẹrà, kò gba ìṣó mọ́. Ilẹ̀kùn lonílé fẹ́ rà, ó di ọ̀rọ̀ ògiri. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra irú ilé yìí, ẹ yẹ férémù wò kí ẹ tó náwó.