Ṣé Ìwé-Ẹ̀rí Ló Ń Kọ́lé Ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo mọ̀ yín, ẹ máa rẹ́rìn-ín náà ni.

Kòkó ni bàbá mi àgbà ń rà. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù tó ń ta kòkó ká lọ́dún 1986, àwọn oníṣòwò tuntun rọ́ wọlé, òwò bàbá sì kógbá sílé. Sítóò rẹ̀ ló kù fún wa n'Ìbàdàn: páànù lókè, kọnkéré nílẹ̀, kò sí àjà, kò sí yàrá. Ihò atẹ́gùn tóóró ló wà lókè téńté, níbi tọ́wọ́ olè ò lè tó. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ga ju ìta lọ, wọ́n sì tún mọ ìdènà kọnkéré sẹ́nu ọ̀nà, ó ga díẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Torí omi ni. Kòkó tí ẹ bá fẹ́ kó pamọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ débi pé omi inú rẹ̀ ò ní ju bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bu.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn. Nígbà tí mo fẹ́ sọ sítóò náà di ibùgbé, èmi ò fi sọ́kàn.

Demas Nwoko ló wà lọ́kàn tèmi. Ṣé ẹ ti rí ilé àdúrà àwọn Dominican n'Ìbàdàn? Òun ló yàwòrán rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọnà ni bàbá náà kọ́ ní Zaria, kò kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Lọ́dún 2023, wọ́n gbé ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún un ní Venice nítorí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe lórí ilé. Èmi náà ò kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Ẹ wá rí i báyìí pé a ti dọ́gba. Ó ku kìnnìún.

Mo ní sìmẹ́ńtì nìkan ni màá rà ní tuntun. Mo ra ilẹ̀kùn ìrókò nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń wó. Mo fi pákó àpótí ẹrù kan bẹ́ẹ̀dì, ó lọ sílẹ̀ dáadáa, torí mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lóde òní. Mo ra fèrèsé mólúè lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, mo fi í sí ilé ìdáná. Wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "Ẹ mú ṣéńjì yín lọ́wọ́". Látọjọ́ náà, bí mo bá ti ní ebi ń pa mí, ìyàwó mi á kàn nawọ́ sí i.

Ó wá ku ìmọ́lẹ̀. Mo ní ká gé páànù àárín kúrò, ká ṣe é bí agbo-ilé àwọn baba wa: ojú ọ̀run ní gbangba, òrùlé ń da omi sínú ìkòkò. Bàbá bíríkìlà wò mí títí.

"Ọ̀gá, omi tó bá kún ìkòkò ńkọ́? Ibo ni yóò gbà jáde?"

"Bàbá, iṣẹ́ ọnà lẹ̀ ń wò yẹn."

"Kò burú, ọ̀gá."

Ẹ̀ẹ̀rùn la kó wọlé. Àlejò ń wọ́ wá. Mo ń kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo ń ṣàlàyé. Mo tilẹ̀ ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ilé tiwọn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lóru. Ààrá sán. Ìkòkò kún. Kò pẹ́, àárín ilé kún. Mo ní kò sí wàhálà. Bàtà mi kọjá lójú mi. Ìkòkò ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Fóòmù ti mumi yó. "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Mo sáré. Mo ṣubú. Mo dìde. Mo ṣílẹ̀kùn. Omi ò jáde! Ìdènà bàbá mi àgbà dúró gbọin. Wọ́n mọ ọ́n kómi má baà wọlé. Omi wá wọlé tán, kò rọ́nà lọ. A gbá kòrobá mú. A ń da omi gba ojú fèrèsé mólúè. Ìyàwó mi yọrí síta, ó ń pe aládùúgbò. Ọmọkùnrin kan tó ń sá òjò lọ rí i. Ó kígbe: "Kọ̀ńdọ́, ó wà o!"

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá bíríkìlà dé tòun tòòlù. Ó lu ihò kan péré sísàlẹ̀ ìdènà náà. Omi ṣàn jáde wọ̀ọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ ọnà yín ti ń gbẹ?"

Nínú gbogbo àtúnṣe ilé náà, ihò yẹn nìkan ni mi ò yàwòrán rẹ̀. Òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sítóò tàbí ilé iṣẹ́ àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ di ibùgbé, ẹ ṣe é, ó gbádùn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ sì tó gé páànù kankan, ẹ bi bíríkìlà tó ti dàgbà léèrè. Bó bá ti bi yín pé ibo lomi máa gbà, ẹ má dárúkọ iṣẹ́ ọnà.