Eku Kejì Ti Kú Sórí Okùn

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ Sátidé yẹn débi pé ètè ń bẹ́, oòrùn ọ̀sán sì ń ta kíkankíkan lórí gbogbo ẹ̀sítéètì wa ní Magodo. NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti àárọ̀. Lójijì ni jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé kejì bú sáyé, èyí tó ń mu dísù, tí wọn kì í tàn bí kò bá sí àlejò pàtàkì. Mo ní kí n yọjú lórí fẹ́ǹsì kí n kí àlejò. Mi ò bá àlejò kankan. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ni mo bá nídìí okùn, ó ń ká aṣọ. Táwẹ̀lì tó ti gbẹ létí méjèèjì, tó kù díẹ̀ láàárín, ló ń ká sínú bàfù. Ó ń ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, ó ń ká jíǹsì.

Mo ní, "Ṣé òjò ń bọ̀ ni?"

Ọmọ náà wojú ọ̀run, ó wojú mi, ó ń wò ó bóyá orí mi pé. "Rárá o, sà. Dádì ní kí n kó wọn wọlé, pé inú ẹ̀rọ ni kí wọ́n ti gbẹ."

Dádì yìí ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, Alága la sì ń pè é. Ẹ̀rọ tuntun ló rà, èyí tó ń fọ aṣọ, tí yóò sì tún mú un gbẹ nínú ikùn kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fà mí wọ ilé ìdáná lọ wò ó. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Alága ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bó o. "Àbúrò, bọ́tìnnì kan péré!" ló wí. "O kó aṣọ ìdọ̀tí sí i, o bá tìẹ lọ. Kó o tó dé, ó ti fọ̀, ó ti gbẹ. Òyìnbó parí ẹ̀!"

Mo ní, "Alága, ẹ kú ìnáwó." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ìgbà tí mo padà délé, tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dún, ni òwe àwọn àgbà sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, ẹni tó pín ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì kò ní mú ẹyọ kan bọ̀ wálé. Àmọ́ àwọn tó pa òwe náà kò rí irú ọdẹ tó wà nílé ìdáná Alága. Ọdẹ yìí gbá tẹ̀ lé eku méjì, fífọ̀ àti gbígbẹ, ó lé wọn fún wákàtí 6, ó sì mú méjèèjì. Ẹni tó pòfo ni ẹni tó ra dísù.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé eku kejì ti kú. Oòrùn ti pa á. Ó ti nà gbalaja sórí okùn, ẹran ọ̀fẹ́, Alága wá rán ọmọ lọ jí i dìde kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan lé.

Ká má parọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà o. Níbi tó ti wá, ọgbọ́n ló bí i. Ẹ lọ sí Peckham tàbí Thamesmead ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, kí ẹ wo fúláàtì tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta há sí. Kò sí àgbàlá. Abẹ́ káńtà ilé ìdáná kò gbà ju ẹ̀rọ kan lọ, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, oòrùn tó bá yọ níbẹ̀, ìkíni lásán ló wá kí èèyàn, kò gbẹ aṣọ. Wọ́n á sá yúnífọ́ọ̀mù ọmọ sára hítà, omi ara aṣọ á lọ sára ògiri, kò ní pẹ́ tí kọ̀rọ̀ yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, tí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹni tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀, tó ra ẹ̀rọ tí kò ní kó gbẹ́ ihò sára ògiri onílé kí oru lè gbabẹ̀ jáde, mo gbà fún un. Eku méjèèjì ló wà láàyè nílé tirẹ̀. Ìyá tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ tó bá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èmi kọ́ ni màá fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn náà ń ráhùn, ìdí sì wà. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé kìkì kó mú aṣọ gbẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, àgbá inú rẹ̀ máa ń tóbi, kí aṣọ lè máa fò sókè kí ooru sì máa gba àárín wọn kọjá. Èyí tó ń ṣe méjèèjì pọ̀, àgbá ìfọṣọ náà ló ń lò, àyè kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà méjì fi máa ń wà lára rẹ̀: ó ń fọ kílò 8, ó ń mú kílò 5 gbẹ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ojú ẹni tó ń rà máa ń bá pàdé. Ẹni tó bá fọ aṣọ kún un bámúbámú ní láti dá a dúró láàárín, kó kó apá kan aṣọ tútù jáde, kí ìyókù tó lè gbẹ. Níbo ló máa kó apá kan yẹn sí? Orí okùn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń mu omi kí aṣọ tó gbẹ. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Ooru á sọ omi ara aṣọ di oru. Oru náà gbọ́dọ̀ padà di omi kó tó lè ṣàn jáde. Ohun tó sì ń sọ ọ́ di omi ni omi tútù mìíràn tí ẹ̀rọ ń fà wọlé láti ojú páìpù. Ní London, omi páìpù tutù nini, iṣẹ́ á yá. Ní Magodo, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo ibi tí omi Alága ń gbé: tàǹkì dúdú lórí irin gíga, tí oòrùn ń lù láti aago 8 àárọ̀. Ẹ ṣí omi náà lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé wọ́n gbé e kaná ni. Omi yìí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi tu oru lójú. Oru kò gbà, aṣọ kò gbẹ, ẹ̀rọ ń sún àkókò síwájú: ìṣẹ́jú 40 tó kù á tún padà di wákàtí kan. Oòrùn tí Alága gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí okùn ti gorí tàǹkì lọ, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń bá a jà. Omi tàǹkì ń lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù bọ́ọ̀hóòlù ń fa òmíràn sí i, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé pọ́ǹpù.

Ká wá sọ ti iná. Irin gbígbóná tó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ tó wáàtì 2,000. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" dán an wò, á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ínfátà tí kò bá lágbára á figbe ta, á pa ara rẹ̀. Fífọ̀ àti gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ yúníìtì 3 tàbí 4. Náírà 68 ni yúníìtì kan kí oṣù Kẹrin ọdún 2024 tó dé. Ó fò sí náírà 225 lóṣù náà fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún; nígbà tó fi máa di oṣù Keje, náírà 209.50 ló wà. Ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, náírà 838 nìyẹn fún aṣọ ẹ̀ẹ̀kan, bí NẸ́PÀ bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Èyí tí dísù bá gbẹ, ẹ má bi mí, ẹ bi Alága, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹun tán ná. Oòrùn kò ní Band kankan. Kò sẹ́ni tó ń tẹ nọ́ńbà sí mítà kó tó ràn.

Aṣọ wa ńkọ́? Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí, ṣẹ́ẹ̀tì àti jíǹsì ló wà lọ́kàn wọn. Ẹni tó bá kó aṣọ òkè sí i, ohun tójú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Àdìrẹ aláró á fi aró rẹ̀ tọrọ ilé lára táwẹ̀lì funfun. Alága fi agbádá kan sínú tirẹ̀, agbádá òwú gidi tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wọlé ní agbádá, ó jáde ní dàńṣíkí. Ọrùn ti fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká sókè, apá ọ̀tún ti wé mọ́ tòsì débi pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ló dìjọ fà á kí wọ́n tó rí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì ló bá wọn nà án padà, òun àti sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yinná rẹ̀. Ó gbowó rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín máa ń tán lẹ́nu mi tí mo bá rántí ọmọbìnrin inú ilé náà. Wọ́n ní torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ra ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ lè fúyẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti fọ aṣọ láàárọ̀ tó sá a, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ títí di ọ̀sán. Abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí tó ń ka ìwé JAMB rẹ̀. Ní báyìí, bí iná bá dé ní aago 11 òru, òun ni wọ́n ń jí. Òun ló ń pín aṣọ sí méjì. Òun ló ń yọ èérún òwú tó lẹ̀ mọ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Òun ló sì ń jókòó tì í di ìdájí, nítorí ìyá ilé ti gbọ́ pé kò dára kéèyàn sùn kó fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un: èérún òwú ń gbaná. Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ló dá iná sílẹ̀ ní Shepherd's Court, ilé alájà púpọ̀ kan ní London, lóṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn panápaná ibẹ̀ sì ń kìlọ̀ fáráyé pé kí wọ́n má ṣe sùn kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń polówó pé kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ sì lọ sùn! Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ, ẹni náà kì í sì í ṣe ẹni tó rà á. Ẹ ò rí i pé ìwà ìkà nìyẹn? Ẹ fi owó tó lè rán ọmọ yìí lọ sílé-ìwé ra ohun tó ń jí oorun gbé lójú rẹ̀, ẹ wá ń pè é ní ìrànlọ́wọ́.

Mo ti sọ tinú mi. Ó kù kí n sọ ohun tó ṣojú òdodo. Òjò oṣù Kẹfà àti Keje l'Ékòó kì í mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Aṣọ á wà lórí okùn di ọ̀túnla, á máa rùn. Fúláàtì wà ní Surulere, àjà kẹrin, tí onílé ti ní òun kò fẹ́ rí aṣọ ẹnikẹ́ni lójú bákónì. Eṣinṣin kan sì wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí wọ́n sá síta, pàápàá lábẹ́ ìbòòji; ìdin rẹ̀ á wọnú awọ ara, á wú bí eéwo. Torí rẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe ń lọ aṣọ ọmọ ìkókó títí kan nápí. Ooru ẹ̀rọ á pa ẹyin wọ̀nyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bímọ tuntun lákòókò òjò, tó ń gbé àjà kẹrin, tó sì ní iná tó dúró, kó rà á, kó sì jẹ ẹ́ ní ayọ̀. Kó kàn mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń mú aṣọ gbẹ lọ́wọ́, kò lè fọ òmíràn, àti pé lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì bá dákẹ́, méjèèjì ló jọ ń lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Wọ́n ti ń ṣe èyí tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. GE Appliances gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 tó ń fọ̀ tó sì ń mú un gbẹ ní bíi wákàtí 2, tí kò sì jẹ iná tó ti àtijọ́. Owó rẹ̀ nígbà náà lé ní dọ́là 2,000. Mi ò tíì sọ fún Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún un.

Àwọn tápá wọn kò ká tuntun ń lọ wá tòkunbọ̀, èyí tó ti gba ọwọ́ òyìnbó kọjá. Mo sin àǹtí mi kan lọ sí ọjà Alábà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin tó ń tà á fi wáyà jẹnẹrétọ̀ sí i, ó da omi sí i, àgbá ń yí wìrìwìrì, ó ń fọ àkísà kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Àǹtí mi ní ó dáa, kó wá mú àkísà náà gbẹ lójú òun.

"Mọ̀mí, jẹnẹrétọ̀ wa kò lè gbé ìyẹn."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ó nu orí ẹ̀rọ náà dáadáa kó tó dáhùn. "Mọ̀mí, ẹ kà á sí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Gbígbẹ yẹn, èènì ni mo fi ṣe fún yín."

Àǹtí mi ti báàgì rẹ̀ pa. "Ọkọ mi, mi ò fẹ́ èènì. Bá mi yọ owó èènì kúrò lórí ẹ̀."