Oríkì Apple, Oníbodè Ọjà Áàpù

Apple, ọmọ Cupertino, mo júbà.
Oníbodè App Store, mo wárí.
A-dá-ọjà-má-dá-ẹnu-ọ̀nà-méjì!
Láti 2008 tí o ti dá ọjà áàpù sílẹ̀ lórí iPhone, ìwọ lo mọ odi, ìwọ lo ń ṣọ́ ibodè, ìwọ lo ń ṣòfin ọjà, ìwọ náà lo tún pàtẹ síbẹ̀. Kí ọmọ aráyé má baà ṣìnà ni.

A-gba-ọgbọ̀n-nínú-ọgọ́rùn-ún, Ajíṣírò!
Ẹni tó pe Uber, tó wọ ọkọ̀ gidi, o kì í gba kọ́bọ̀ lórí owó ọkọ̀ rẹ̀.
Ẹni tó ra ẹ̀wù tí kò ṣeé wọ̀ nínú géèmù, o lè gba tó 30 nínú 100.
Bí ọjà bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìpín tìrẹ ṣe ń wúwo.

Spotify ń ta orin, ìwọ náà ń ta orin.
Spotify san owó ibodè rí. Apple Music kò jẹ ọ́ ní gbèsè.
O ní kí Spotify má sọ nínú áàpù rẹ̀ pé owó orin dín níta. Ariwo ọjà lo fẹ́ kó rọlẹ̀, Yúróòpù sì fi ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 Yúrò yẹ́ ọ sí ní oṣù Kẹta 2024.

Balógun ilé ẹjọ́!
Nínú ẹ̀sùn 10 tí Epic Games, àwọn tó ni Fortnite, kà sí ọ lẹ́sẹ̀, o jàre 9 lọ́dún 2021. Ẹyọ kan tó kù lo fi kọ́ wa bí a ti ń gbọ́ràn sí adájọ́ lẹ́nu. Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers ní kí o jẹ́ kí àwọn oníáàpù júwe ọ̀nà mìíràn tí oníbàárà lè gbà sanwó. Ní 2024, o ṣílẹ̀kùn. O wá bu 27 nínú 100 lé ohun tí wọ́n bá rà lẹ́yìn odi.
A-gbowó-ibodè-lọ́wọ́-ẹni-tí-kò-gba-ibodè!
3 tó kù kó pé 30, o fi í sílẹ̀ kí oníṣòwò fi tọ́jú àwọn oníkáàdì. Ọ̀làwọ́!
O sì gbé ìkìlọ̀ ńlá sójú ọ̀nà, kí ẹni tó ń jáde lè ronú kó tó jìnnà sílé.

Oṣù Kẹrin 2025, adájọ́ ní o mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ òun, ó fi ọ̀rọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò ìjọba. Oṣù yẹn náà ni Yúróòpù tún bu mílíọ̀nù 500 Yúrò lé ọ.
Oṣù kan, oyè méjì!
Ọba Oníbodè, bí wọ́n bá ta oríkì yìí nínú áàpù, 30 nínú 100 rẹ̀ ti di tìrẹ. Mo ti yà á sọ́tọ̀.