Onípíìnì ni àbí Onísíkúrù?

Ọkọ mi ti pinnu pé ilé wa ní Woolwich gbọ́dọ̀ gbọ́n. Ó fẹ́ kí iná máa tàn bí òun bá pàṣẹ lórí fóònù, kí ilẹ̀kùn sì máa fẹjọ́ ẹni tó bá ṣí i sun òun níbi iṣẹ́. Ó ra ọ̀gá àwọn ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní hub, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Àwọn ọmọọṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ ló kù, owó wọn sì wọ́n.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Houston, tí mo ń pè ní Akọ́wé láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, ní ká fọkàn balẹ̀, wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó lọ́dọ̀ àwọn. Ẹnì kan tó ń bọ̀ ló bá wa gbé páálí náà dé: àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. A wo ara páálí, a rí Z-Wave, orúkọ èdè tí irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. A wo ara hub, a rí Z-Wave. Ọkọ mi ní, "Ṣé o rí i? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n."

Ọjọ́ Sátidé ni ìjàkadì bẹ̀rẹ̀. Fóònù ní kó tẹ bọ́tìnì ara ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní òun ń wá a. Ó wá a títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi ní ọ̀nà ló jìn. Ó tú ẹ̀rọ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó gbé e dé pálọ̀, ó gbé e dé orí tábìlì, títí ó fi tò ó ti hub pẹ́kípẹ́kí. Pàbó. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó pa hub, ó tún un tàn. Ó ní kí n pa máíkíróweefu, ọbẹ̀ mi bá tutù síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ọ̀yọ́, gbójú kúrò nínú fíìmù wọn: "Ọmọ ìyá wo ló ń jókòó tira wọn báyìí, tí wọn ò kíra wọn? Ẹ lọ wádìí ohun tó wà láàárín wọn."

Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín wọn. Ní Amẹ́ríkà, orí 908.4 MHz ni Z-Wave ti ń sọ̀rọ̀. Ní Ìlú Ọba àti ilẹ̀ Yúróòpù, 868.4 MHz ni. Nọ́ńbà náà wà lẹ́yìn páálí lóòótọ́, ní lẹ́tà tí awò ojú mi pàápàá ò lè kà. Matter, ìlànà tí Apple, Google, Amazon àti Samsung jọ fọwọ́ sí, tó jáde ní 2022, ni wọ́n ní yóò parí irú ìjà yìí. Wi-Fi àti Thread ni ìyẹn ń bá lò. Kò sí Z-Wave níbẹ̀.

Ọkọ mi kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Rọ́bọ́ọ̀tì ló dá a lóhùn, ó ń bi í bóyá ó ti pààrọ̀ bátìrì. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi.

Ní ọjà Ògùnpa nílé, gílóòbù lásán lo fẹ́ rà, ọlọ́jà á ti ní: "Àǹtí, onípíìnì ni àbí onísíkúrù?" Kó o tó dáhùn tán, ó ti fi í sẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ara pákó, iná ti tàn, o ti rí i kówó tó jáde. Bí kò bá síná, á ní kí ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bá òun dán an wò. Ká má purọ́, tó o bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, kò sí pé ò ń dá a padà. Níbí, wọ́n á gbà á padà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tó o fẹ́ lò ó. Èmi tí mo máa ń sá fún ẹjọ́ wẹ́wẹ́ àwọn ọlọ́jà nílé, mo wá ń wá ẹni tí yóò da ọ̀rọ̀ bò mí nídìí káńtà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akọ́wé tún pè. Wọ́n ti rí àgádágodo tó ń gbọ́ràn sí fóònù, ìdajì owó! Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó, Akọ́wé ọkọ mi. 868 ni àbí 908?"

"Ìyàwó wa, ohun kan náà ni!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ mi dáadáa mọ́, pé láìnì ń já.